Páìpù Afẹ́fẹ́ Tí Ọkọ Mi Fi Sínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi orúkọ mi síta. Mo kórìíra ọkọ mi. Mo ti kọ ọ́ báyìí, mi ò sì ní pa á rẹ́. Kì í ṣe pé ó ń lù mí o, kì í ṣe pé ó ní obìnrin níta, bóyá ó tilẹ̀ ní, mi ò mọ̀, mi ò sì lágbára láti ṣèwádìí... ohun tó jẹ́ kí n kórìíra rẹ̀ wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ìyá yìí ò rí nǹkan ṣe. Ẹ̀mí bàbá tó bí mi lọ́mọ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti ṣe ohun kan láàárọ̀ òní tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Karu la ń gbé, Gwagwalada ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Abuja á mọ ohun tí mò ń sọ, láti ìpẹ̀kun ìlú kan dé ìpẹ̀kun kejì ni mò ń wakọ̀ kí n tó dé ẹnu iṣẹ́. Ọkọ̀ mi ni ẹsẹ̀ mi. Èmi ni mo rà á, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ, kò sì fún mi ní wàhálà kankan rí. Ọkọ mi ní tiẹ̀, mínísítírì kan láàárín ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, kò ní ìdí kankan tó fi yẹ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi. Ṣùgbọ́n fídíò ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Tó bá ti dé, tó jẹun tán, orí àga ni, fóònù lọ́wọ́, ó ń wo àwọn òyìnbó tó ń tú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń mú kí ọkọ̀ bú ramúramù. Mo rò pé eré ni. Mo ní ṣebí ó sàn ju ọtí lọ.

Ìgbà tí àwa obìnrin ìjọ lọ sí ìpàdé àdúrà ní Bwari, tí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì gbé wa lọ, tí mo fi ọkọ̀ mi sílé... ìgbà yẹn ló rí mi mú. Mo dé, mo rí i tó dúró síwájú ilé, ọwọ́ ẹ dúdú fún gírísì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì fún mi bí ẹni tó ra góòlù fún ìyàwó. Ó ti yọ àpótí afẹ́fẹ́ tó bá ọkọ̀ wá látilẹ̀, ó ti fi páìpù kan tó ń dán gbinrin rọ́pò rẹ̀, fíltà pupa kan tó rí bí olú wá wà lórí rẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á. Mo bi í pé àpótí tó yọ ńkọ́. Ó ní òun ti gbé e fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, àwọn ohun èlò tó ti bàjẹ́. Ẹ gbọ́ mi ṣá? Ohun tí kò bàjẹ́, ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, kò dúró kí n dé kó tó gbé e fún ẹni tó ń ra páànù.

Fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń mí bíi tèèyàn. Afẹ́fẹ́ máa ń gba inú àpótí oníke dúdú kan wọlé, fíltà tó wà nínú rẹ̀ á gba eruku dúró, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan á wá wọn bí afẹ́fẹ́ náà ṣe pọ̀ tó kí ọkọ̀ lè mọ ìwọ̀n epo tó máa dà sí i, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ á gba inú rọ́bà kan wọ ẹnu ẹ́ńjìnì. Tí afẹ́fẹ́ mìíràn bá ráyè yọ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ yẹn, tí kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, ìṣirò ọkọ̀ ti dàrú nìyẹn. Páìpù tí ọkọ mi rà yìí, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé gbogbo ọkọ̀ ló bá mu. Irọ́ ni. Rọ́bà tí wọ́n fi máa so ó mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnì fẹ̀ ju ẹnu ẹ́ńjìnì mi lọ. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó gé ara tíúbù kẹ̀kẹ́, ó fi dí àlàfo náà, ó fi téèpù dúdú wé e, ó wá fi kílíìpù fún un títí kílíìpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rọ́bà. Ihò kékeré kan wà tí ó yẹ kó so rọ́bà tín-ín-rín kan mọ́, kò mọ ohun tó wà fún, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, á ké, á lọ sókè, á lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ikọ́ fée. Iná check engine tàn, kò kú mọ́. Tí mo bá sì ti dẹ ẹsẹ̀ lórí àsẹ́lérétọ̀ báyìí, ó kú nìyẹn. Ó kú fún mi lójú ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Giri, Tómi ọmọ mi wà lẹ́yìn nínú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ẹ̀, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń fun fèrè, mò ń yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn, mò ń yí i... Ọlọ́run ló ní kí awakọ̀ yẹn rí wa. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá débi pé ọkọ̀ mi mì. Mo délé, mo sọ fún un. Kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú fóònù. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ni. O ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ mi. Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Kò sì fi mọ sílé o, ó gbé e dé ìpàdé àdúrà ilé, ó ń sọ ọ́ fún àwọn ará pé òun gbé nǹkan fún obìnrin kan, obìnrin ń fi ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sí i, nítorí kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì kan ní Gwagwalada. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ sẹ́ńsọ̀, ó ní "Madam, yauwa, ó ti parí." Kí n tó dé Kuje junction iná ti tàn padà. Mo gbé e padà, ó ní ó dà bíi pé ẹ́ńjìnì ló ń kú lọ, kí n wá ẹni tí màá tà á fún. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún, mo nu ojú mi, mo wọlé lọ sí ẹnu iṣẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni mo ti rí ìdí rẹ̀. Aláìsàn kan wà tí ojú ẹ̀ ti gbẹ wọ inú, a fi mask oxygen sí i, mask náà ò fara mọ́ ojú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó ń dún ṣììì. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ìró náà dákẹ́. Mo bá dúró síbẹ̀. Mo ti mọ ìró yẹn. Bí mo ṣe parí iṣẹ́ mo lọ sí ibi tí mo páàkì sí, mo ṣáná, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́tí. Ṣììì. Ohun kan náà. Mo gbé ike tí a fi ń fọ́n omi, mo fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo oríkèé páìpù náà, ibi tí mo fọ́n ọn sí tí ohùn ẹ́ńjìnì fi yí padà, ibẹ̀ ni rọ́bà tí ọkọ mi fi tíúbù dí. Mo tú téèpù rẹ̀, ó ti yọ́ nínú ooru, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Ẹ ò mọ bí inú ṣe bí mi tó.

Èmi náà wo fídíò. Ẹni tó bá rò pé ọkọ mi nìkan ló ní ojú... Mo fi òwú wọn ẹnu ẹ́ńjìnì, mo wọn ẹnu páìpù, mo wá rọ́bà tó fẹ̀ ní ẹnu kan tó sì tín ní ẹnu kejì, irú èyí tí kò nílò tíúbù, mo ra kílíìpù tó máa ń di gbogbo àyíká mú láìjẹ ara rọ́bà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó bọ́. Òróró wà lára páìpù, rọ́bà yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí n tó kúrò lẹ́nu géètì. Mo padà, mo fi spirit nu gbogbo ẹ̀ mọ́. Mo tún rí i pé páìpù náà gùn jù, ó ń ti rọ́bà ní ìtìkutì, mo ní kí wẹ́dà tó ń jó irin gé e níwọ̀nba. Mo wá irin kékeré tó gbé e dúró kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì má baà máa fà á yọ. Mo wá rọ́bà tín-ín-rín yẹn so mọ́ ihò tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Mo ṣáná, mo fọ́n omi yípo, ohùn ò yí padà. Ó sé pa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ iná check engine kú fúnra rẹ̀. Mo wakọ̀ délé, mo ń kọrin.

Mi ò sọ fún un. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé. Mo ń dúró kó bi mí ni. Mo fẹ́ kó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kó rí rọ́bà tuntun níbẹ̀, kó sọ pé "ta ló ṣe èyí?" Kó ṣáà bi mí. Kò ṣí i rí. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ló gbé ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ dún dáadáa, kò kú, ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i níwájú àwọn ènìyàn. Ó ní ṣebí òun sọ, páìpù náà kàn nílò àkókò láti bá ọkọ̀ mọra ni, ìyàwó òun náà sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbá mi léjìká. Wọ́n ń kí i. Ẹni kan ní kó wá bá òun fi sínú tòun. Ó sì fi í sí i, lọ́nà tó gbà fi sínú tèmi, tíúbù, téèpù, kílíìpù. Ọkọ̀ ọkùnrin yẹn kú lójú ọ̀nà Kubwa, ọkọ mi ní epo tó rà ni kò dáa. Ọkùnrin yẹn gbọ́n, kò tíì sọ àpótí tiẹ̀ nù, ó ti dá a padà jẹ́ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni fà á. Mo ń wo ọkọ mi tó ń fọ́nnu níbi ìpàdé ọmọ ìlú, mo ń jẹ ẹran mi.

Ó wá kan bàbá mi.

Òkun ni wá, lẹ́bàá Kabba. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ọkọ̀ wọn àtijọ́ ni ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Bàbá mi wakọ̀ wá sọ́dọ̀ wa kí dókítà lè yẹ ojú wọn wò, dókítà ní ojú dáa, inú gbogbo wa dùn. Mo lọ sẹ́nu iṣẹ́ lánàá. Bí mo ṣe ń bọ̀, mi ò tíì dé géètì tí mo ti ń gbọ́ ìró yẹn. Ramúramù tó ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀. Bàbá mi dúró síwájú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n kí mi bí a ṣe ń kíni nílé, "Òkun o, Ìyá Tómi, wá wo ohun tí ọkọ rẹ ṣe fún mi. Ó ti sọ ọkọ̀ mi di ọ̀dọ́." Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gírísì lọ́wọ́, ẹ̀rín kan náà. Ẹ̀bùn àna. Mo bi í pé àpótí ọkọ̀ Dádì dà. Ó ti fi ayùn gé e sí méjì kó lè yọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ jókòó sí.

Mo sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní Dádì, ẹ má fi ọkọ̀ yìí rin ìrìn àjò, kò sé, á kú fún yín lójú ọ̀nà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní nọ́ọ̀sì ti di mẹkáníìkì. Mo ní kó ṣí i kí n fi hàn wọ́n. Bàbá mi bá yí ojú padà sí mi. Wọ́n ò pariwo, wọn kì í pariwo, wọ́n kàn ní, "Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyí? Kí o máa já ọkọ rẹ kulẹ̀ lójú mi?" Wọ́n ní ọkọ mi ni ọmọkùnrin tí àwọn ò bí tó ń ṣe bí ọmọ fún àwọn, kí n jẹ́ kí àwọn gbádùn rẹ̀. Mo la ẹnu, mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo tún tèmi ṣe, kì í ṣe òun, tiẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rí láyé... mo wo ojú bàbá mi, ojú tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò, bí ayọ̀ ṣe ń kúrò nínú rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ì bá sọ ọ́? Ẹ sọ òtítọ́.

Àwọn méjèèjì jáde lọ kí ará ìlú wa kan. Mo sáré gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó burú ju tèmi lọ. Sẹ́ńsọ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tíúbù ń yọ jáde lábẹ́ kílíìpù, lọ́tẹ̀ yìí ó ti da gọ́ọ̀mù sí i, gọ́ọ̀mù ti gan. Rọ́bà tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi kò bá a mu. Mi ò lè ṣe é. Pé ọkọ̀ náà ò kú níwájú ilé wa kò ní kó má kú nínú igbó. Bàbá mi fẹ́ lọ láàárọ̀ òní, òun nìkan, ọ̀nà Lokoja. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn àti àwọn ajínigbé ibẹ̀. Ẹ mọ ibi tí kò yẹ kí bàbá àgbà dúró sí pẹ̀lú bónẹ́ẹ̀tì ní ṣíṣí.

Mo jí kọ́kọ́rọ́ wọn gbé. Òun ni ohun tí mo ṣe. Kí wọ́n tó wẹ̀ tán, mo mú un lórí tábìlì, mo tì í sínú páálí ohun èlò obìnrin nínú wọ́dúróòbù mi, níbi tí ọkùnrin kankan ò ní fọwọ́ kàn. Mo rò pé wọ́n á wá a, á rẹ̀ wọ́n, màá ní ẹ lọ wọ mọ́tò ní páàkì, ó parí. Ẹ wo bí mo ṣe gọ̀ tó. Wọ́n wá gbogbo ilé. Ọkọ mi bá pariwo orúkọ Tómi, pé òun ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré. Tómi ní òun ò rí i. Ọkọ mi ní irọ́ ló ń pa. Ó ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ní kó fi ọmọ sílẹ̀, ó ní èmi ni mò ń bà á jẹ́. Bàbá mi náà bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo dúró síbẹ̀. Mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ ọmọ mi ń gbọ̀n lókè, ó ń wo mí, mo gbójú kúrò. Nígbà tó yá ọmọ náà ní òun ló gbé e. Ó ní òun ti jù ú sínú gọ́tà.

Ọkọ mi ká ṣòkòtò, ó wọ inú gọ́tà. Bàbá mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mú igi, wọ́n ń fi wa ẹrẹ̀ iwájú ilé wa, àwọn ará àdúgbò ń kí wọn, "sànnu Baba," wọ́n ń dáhùn. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n ò rí nǹkan kan. Ọkọ mi ti bá ẹni tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀, àárọ̀ ọ̀la ló máa wá, bàbá mi á sì lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo wẹ Tómi ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kì í sọ Yorùbá dáadáa, gbogbo ohun tí a bá ń sọ ló ń gbọ́ ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Mò ń fi ọṣẹ pa á lẹ́yìn, mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ pé òun ló gbé e. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Mummy, I saw you put it in your wardrobe. I didn't tell them."

Inú ilé ìwẹ̀ náà ni mo ti ń kọ èyí, ọmọ ti lọ sùn. Ọkọ mi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú bàbá mi, ó ń fi fídíò kan hàn wọ́n, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ jáde, bàbá mi á lọ. Tí mo bá sọ gbogbo ẹ̀, pé páìpù rẹ̀ kò sé rí, pé èmi ni mo tún tèmi ṣe, pé èmi ni mo jí kọ́kọ́rọ́ gbé, ta ni nínú àwọn ọkùnrin méjì yìí ló máa gbà mí gbọ́ lẹ́yìn ohun tí mo jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣe? Ṣé kí n lọ já páìpù náà kúrò pátápátá kí ó má lè ṣáná mọ́? Ṣé kí n wọ pálọ̀ báyìí? Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ sọ ohun tí màá kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi, ẹ sì sọ èyí tí màá sọ fún ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ nítorí mi tí kò sì tú mi fó.